Wọ́n Ní 'Cyst' Ni: Ẹ Bi Wọ́n Pé Irú Èwo?

Ẹkún ni ọ̀rẹ́ mi fi pè mí lọ́jọ́ náà. Inú rírun ló gbé e dé ibi tó ti ṣe skáànù, ìwé tí wọ́n fún un kò ju ìlà méjì lọ: 'cyst' wà ní ilé ẹyin ọ̀tún. Kó tó délé, àǹtí kan ti júwe àgbo, ẹlòmíì ní kó tètè lọ ṣiṣẹ́ abẹ. Mi ò kì í ṣe dókítà o, òfin ni mo kà. Mo kàn bi í pé irú 'cyst' wo ni? Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Àpò olómi inú ilé ẹyin kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù ni àpò ẹyin tó yẹ kó bẹ́ àmọ́ tí kò bẹ́. Lójú ẹ̀rọ, inú ẹ̀ dúdú kirikiri, awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ máa ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. (Àgbo ló máa gba ọpẹ́!) Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sínú ẹ̀, á rí bí àwọ̀n apẹja. Ti endometriosis, ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ló kún inú ẹ̀, ó máa ń rí bí gíláàsì fèrèsé ilé ìwẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní dermoid ní ọ̀rá àti irun nínú, nígbà míì eyín pàápàá.

Èyí tó ń ba dókítà lẹ́rù yàtọ̀: ẹran líle tí ara ẹ̀ rí gbágungbàgun, èèhù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára awọ àpò náà láti inú, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn gan-an nínú ẹ̀, omi nínú ikùn. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ IOTA to irú àmì bẹ́ẹ̀ sí mẹ́wàá, márùn-ún fún èyí tí kò léwu, márùn-ún fún èyí tó jọ jẹjẹrẹ. Bí àmì bá takora, tàbí tí kò sí ọ̀kan nínú wọn, ojú onímọ̀ tó gbówọ́ ló kù.

Nítorí náà, ìlà méjì kò tó. Abala 23 nínú òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí elétò ìlera sọ bí ara aláìsàn ṣe rí fún un, irú àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, ewu àti owó tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní èdè tó yé e bó bá ṣeé ṣe. Yorùbá náà wà níbẹ̀, àbí?

Ọ̀rẹ́ mi padà lọ, ó béèrè. Omi lásán ni, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nígbà tó dé, kò sí mọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá rí ẹran líle nínú tiẹ̀, pàápàá tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dá, kó má dúró de oṣù mẹ́ta kankan.