Àǹfààní Tí Ó Wà Nínú Fífi Dígí Tuntun Sínú Férémù Awò Ojú Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí awò ojú rẹ kò bá jẹ́ kí o ríran dáadáa mọ́, dígí inú rẹ̀ ni kí o pààrọ̀. Má ṣe ju férémù tí ó ṣì le sí ààtàn.

Lọ́nà kìíní, ronú nípa ohun tí a fi ń ṣe férémù. Irin tàbí ike ni. Inú ilẹ̀ ni a ti ń wa irin. Inú epo rọ̀bì ni a sì ti ń rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ike. Ilé iṣẹ́ a lo iná àti omi kí wọ́n tó di férémù. Bí o bá lo férémù kan pẹ́, ìwọ̀nba ni ohun tí a óò tún wà tàbí tí a óò tún sun nítorí rẹ.

Lọ́nà kejì, wo ibi tí férémù tí a jù nù ń lọ. Ní Owódé níhìn-ín, ẹlòmíràn a máa sun pàǹtírí lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ èéfín ike kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí a kò sun, òjò a gbá a sí gọ́tà. Bí gọ́tà bá dí, omi a ya wọ ilé. Èyí tí ó bá sì dé odò Ògùn, ó di ọ̀sà Èkó, nítorí pé ike kì í jẹrà bí ewé.

Dígí náà ńkọ́? Ní ọdún 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ike CR-39 ṣe dígí awò ojú ní Amẹ́ríkà, a sì ń lò ó títí di òní. Ike yìí kò ṣe é yọ́ kí a tún fi mọ nǹkan mìíràn. Bí a kò bá rí ọgbọ́n dá sí dígí, ṣé ó yẹ kí a tún fi férémù kún ẹrù ààtàn?

Jẹ́ kí oníṣègùn ojú yẹ ojú rẹ wò ná. Bí àpẹẹrẹ, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àba, Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà, alágbàṣe awò yóò gé dígí tuntun bá férémù rẹ mu. Ṣùgbọ́n bí férémù bá ti sán tàbí tí ó ti gbẹ, má fi ipá mú un, kí ó má baà kán.

Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, dígí kẹta ni ó wà nínú férémù tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Owó dígí nìkan ni mo sì san.

Ohun tí a bá ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi.