Sáyẹ́ǹsì àti Ẹ̀sìn nínú Eré Tẹlifíṣàn Star Trek: Deep Space Nine: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ ní Òkè-Ògùn

Ìfáàrà

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, àkọ́rọ̀ òjò kì í sábà dé láìsí àrá. Bí àrá bá sán, akẹ́kọ̀ọ́ lè bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè bóyá Ṣàngó ni tàbí iná inú ìkùukùu. Ìbéèrè náà gba ọgbọ́n, nítorí pé Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè jọ wà nínú agbo ilé kan. Irú ìbéèrè yìí ni eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀. Èrò iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé dídákẹ́ kò lè parí aáwọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀sìn nínú kíláàsì.

Ìtàn inú eré náà

Rick Berman àti Michael Piller ni ó dá eré yìí sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní oṣù kìíní ọdún 1993, ó sì parí ní oṣù kẹfà ọdún 1999. Ibùdó ìtàn rẹ̀ wà nínú òfuurufú, nítòsí ayé kan tí à ń pè ní Bajor. Benjamin Sisko, tí Avery Brooks ṣe, ni olórí ibùdó náà. Òun ni ó ṣàwárí ọ̀nà àbùjá kan láàrin àwọn ìràwọ̀. Àwọn ẹ̀dá kan ń gbé inú ọ̀nà náà, ọ̀kan náà sì ni àná, òní àti ọ̀la lójú wọn. Ẹ̀dá àjèjì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pè wọ́n; wòlíì ni àwọn ará Bajor pè wọ́n, wọ́n sì ń sìn wọ́n. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó sọ pé àwọn ẹ̀dá náà kò sí. Orúkọ àti ìtumọ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí.

Aáwọ̀ nínú kíláàsì

Nínú In the Hands of the Prophets, tí ó kẹ́yìn ìpín kìíní ní ọdún 1993, olùkọ́ kan, Keiko O'Brien, ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ọ̀nà àbùjá náà. Winn, obìnrin àlùfáà, ní ọ̀rọ̀ òdì ni. Nígbà tí ó yá, ó dá a lábàá pé kí olùkọ́ má ṣe mẹ́nu kan ọ̀nà náà rárá. Keiko kọ̀, nítorí pé bí a bá yọ èyí, a ó tún yọ ẹ̀kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ayé. Síbẹ̀, Sisko kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó má ṣe fi ìgbàgbọ́ àwọn ará Bajor ṣe yẹ̀yẹ́. Bọ́ǹbù ba ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ète láti pa Bareil, tí ó ń bá Winn du ipò olórí ẹ̀sìn, ni ó wà nídìí rògbòdìyàn náà. Ipò ni a ń lé. Aṣọ ẹ̀sìn ni a fi bò ó.

Ẹ̀kọ́ fún olùkọ́

Bí olùkọ́ Òkè-Ògùn bá gba àbá Winn, kò ní sọ ohunkóhun nípa àrá. Èyí léwu, nítorí pé ọmọ tí kò mọ̀ pé mànàmáná sábà máa ń bá ohun tí ó ga jù ní pápá lè sá sábẹ́ igi ẹ̀mí nígbà òjò. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé yìnyín inú ìkùukùu ni ó ń fara gbúnra tí iná fi ń jáde, àti pé afẹ́fẹ́ tí ó gbóná lójijì ni ó ń dún.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹdùn àrá. Àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn fi hàn pé àáké òkúta tí àwọn ará àtijọ́ dán ni púpọ̀ nínú wọn. Olùkọ́ lè sọ èyí láìbú olùsìn Ṣàngó. Sáyẹ́ǹsì ń sọ bí àrá ṣe ń sán. Ìtàn Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́ tí ó di òrìṣà, ń sọ nípa ìdájọ́ tí ó ń bá olè àti òpùrọ́. Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn wọn kò sì gbọdọ̀ rọ́pò ara wọn.

Ìgúnlẹ̀

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ sáyẹ́ǹsì ní kíkún, kí ó sì bọ̀wọ̀ fún ilé tí ọmọ ti wá. Bí ariwo ẹ̀sìn bá sọ nílé-ẹ̀kọ́, kí ó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ariwo náà yóò ṣe láǹfààní. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra.