Iṣẹ́ Àbójútó Ilé Tí Apá Mẹ̀kúnnù Ká

Àbójútó ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká kì í ṣe owó ilé gbígbà nìkan. Alábòójútó ní í yan ayálégbé, òun ní í ṣètò àtúnṣe, òun náà ní í rí i pé ẹnikẹ́ni kò rú òfin. Lateef Jakande, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, kọ́ irú ilé mẹ̀kúnnù bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, irú ilé bẹ́ẹ̀ sì nílò alábòójútó. Ọ̀dọ́ Ìsundunrin, ní agbègbè Ẹ̀jìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí lè gboyè nínú Estate Management (ìmọ̀ àbójútó ilé àti ilẹ̀) ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, yóò yege ìdánwò NIESV, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, kí ESVARBON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, tí òfin 1975 gbé kalẹ̀, tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé tí kò ní alábòójútó kì í pẹ́ bàjẹ́. Kí òbí àti ọ̀dọ́ ro iṣẹ́ yìí dáadáa.