Bí Rọ́bọ́ọ̀tì Onírìísí Ènìyàn Ṣe Kọ́ Ìrìn

Rírìn lórí ẹsẹ̀ méjì, tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú ẹni tó ti kọjá ìgbà tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, wà lára iṣẹ́ tó le jù lọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbé lé rọ́bọ́ọ̀tì onírìísí ènìyàn lọ́wọ́, ìyẹn ẹ̀rọ olórí, alápá, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ohun tó fà á ni pé nígbàkígbà tí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ kan láti rìn, ara rẹ̀ ti ń ṣubú lọ síwájú, ẹsẹ̀ tó gbé náà ló sì gbọ́dọ̀ tètè balẹ̀ láti gbà á dúró.

Yunifásítì Waseda ní Tokyo ni wọ́n ti ṣe rọ́bọ́ọ̀tì onírìísí ènìyàn kan, WABOT-1, ní ọdún 1973, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ichiro Kato, ilé iṣẹ́ Honda náà sì gbé ASIMO jáde ní 2000 lẹ́yìn ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ìṣirò ni wọ́n fi mú ASIMO rìn: kọ̀ǹpútà rẹ̀ a máa wo ibi tí ìwúwo ara ń tẹ̀ sí, a sì máa darí oríkèé kọ̀ọ̀kan kí ibẹ̀ má baà yẹ̀ kúrò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ọgbọ́n yìí péye lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, àmọ́ inú ilé tó wó, níbi tí a ti nílò rọ́bọ́ọ̀tì amúgbàlà, kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àṣekágbá ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì amúgbàlà ní Pomona, ní California, ní oṣù Kẹfà 2015, nítorí ìjàǹbá ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Fukushima ti 2011, ọ̀pọ̀ nínú àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó díje ló ṣubú níṣojú àwọn òǹwòran. DRC-Hubo láti Kòríà, tó gba ipò kìíní, sì ní táyà lórúnkún, tó fi lè kúnlẹ̀ kó sì máa yí lọ níbi tí fífi ẹsẹ̀ rìn bá ti léwu.

Láti ìgbà náà, ara àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ti yí padà: Atlas ti Boston Dynamics, tí òróró tí a fi ipá tì gba inú páìpù ń mú oríkèé rẹ̀ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, di ẹ̀rọ oníná mànàmáná ní oṣù Kẹrin 2024. Síbẹ̀, ìyípadà tó jinlẹ̀ jù wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìrìn. Dípò kí onímọ̀ máa kọ òfin ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rọ́bọ́ọ̀tì náà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún sínú ayé àfọwọ́dá tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan, wọ́n á sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣubú, kí wọ́n máa dìde. Èyí tó bá rìn jìnnà á gba máàkì, èyí tó bá wó á pàdánù rẹ̀, ìlànà tó bá sì mú máàkì wá ni kọ̀ǹpútà yóò dì mú. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ilẹ̀ máa yọ̀, wọ́n á di ẹrù ru ẹ̀dà rọ́bọ́ọ̀tì náà, wọ́n á tì í lójijì, kí ohun tó bá pàdé lóde má baà ṣàjèjì sí i. Ìlànà yìí yẹ fún ìyìn ju ijó àti òkìtì rọ́bọ́ọ̀tì tí àwọn ènìyàn ń wò lórí fóònù lọ, nítorí ó sọ ìṣubú tí ì bá fọ́ ẹ̀rọ olówó iyebíye di ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 2025, rọ́bọ́ọ̀tì 21 bá àwọn ènìyàn sá eré kìlómítà 21 ní Beijing. Tiangong Ultra ló ṣáájú àwọn ẹ̀rọ. Ó lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40, wọ́n sì pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ọ̀nà. Mẹ́fà péré nínú àwọn rọ́bọ́ọ̀tì náà ló dé òpin.

Bátìrì àwọn rọ́bọ́ọ̀tì onírìísí ènìyàn kò tíì tó, ọwọ́ wọn kò sì tíì mọ nǹkan dì bíi ti ènìyàn, àmọ́ ọ̀ràn ààbò ni àwọn tó fẹ́ kó wọn wọ ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú. Apá ẹ̀rọ tí a kàn mọ́lẹ̀ ní ilé iṣẹ́ á dúró sójú kan bí a bá pa á. Àmọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí agbára rẹ̀ bá ṣàdédé tán lè wó lu ẹni tó wà nítòsí. Ìdí nìyí tí Digit, rọ́bọ́ọ̀tì ilé iṣẹ́ Agility Robotics, fi jẹ́ pé agbègbè tí ènìyàn kì í wọ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà.