Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Sọ Ẹ̀gbẹ́dá Di Ẹ̀Gbẹ́Dá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́! Láti Alákìá níbí ni mo ti ń kọ̀wé sí yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń fi Python to orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ agbègbè wa jọ: Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà. Lẹ́tà kékeré ni mo fi tẹ gbogbo wọn sínú array NumPy. Mo wá lo np.char.title kó lè bá mi fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ wọn. Akínyẹlé àti Lágelú dára. Àmọ́ ẹ wo ìyókù: "Ẹ̀Gbẹ́Dá", "Ọ̀Nà-Àrà".

Ọmọ kan tó wà lọ́dọ̀ mi ní, "Bàbá, ẹ yọ àmì orí ẹ̀ kúrò, ó parí!" Mo ní rárá o. Bí mo bá kọ "ona-ara", ta ló máa mọ̀ lọ́la bóyá àrà ni, ara ni, tàbí ará? Àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ wọ̀nyí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Unicode fún "ẹ" ní nọ́ńbà tiẹ̀, ó fún "á" náà, àmọ́ kò fún "ẹ́". Ẹyọ méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ ọ́: ẹ, lẹ́yìn náà àmì ohùn. Àwa ka lẹ́tà márùn-ún nínú Ẹ̀gbẹ́dá, torí ọ̀kan ni gb. Kọ̀ǹpútà ka mẹ́jọ. Bí title bá dé orí àmì yẹn, ó máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ti parí ni, ló bá sọ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e di ńlá.

np.char.capitalize kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ àkọ́kọ́ nìkan ló ń sọ di ńlá, á sì sọ gbogbo ìyókù di kékeré. Ẹ̀gbẹ́dá bọ́ sípò. Ṣùgbọ́n "Ọ̀nà-àrà" ló fún mi, bí "UI" bá sì wà nínú àkójọ yín, "Ui" ló máa dà.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo gé orúkọ níbi àmì ìsopọ̀, mo ṣe ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì so wọ́n padà:

'-'.join(p.capitalize() for p in oruko.split('-'))

Ìlà kan péré ni. Bí ẹ bá ní àkójọ orúkọ lọ́wọ́, yálà ti ọmọ iléèwé ni o, ti ẹbí ni o, ẹ dán an wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má yọ àmì kankan kúrò.

Ó dọjọ́ mìíràn.