Ta Ni Bàbá Rẹ? Ìdí Tí Orúkọ Bíi Sturluson Fi Ṣọ̀wọ́n ní Íslándì

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2018, Ahmed Musa gbá bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n Íslándì ní ìlú Volgograd, lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, Super Eagles sì borí pẹ̀lú àmì ayò 2 sí 0. Ẹni tó bá fojú sí ẹ̀yìn aṣọ àwọn ará Íslándì lọ́jọ́ náà yóò rí ohun kan: nínú àwọn 11 tó bẹ̀rẹ̀ eré, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ kò parí sí “son”. Nínú gbogbo agbábọ́ọ̀lù 23 tí Íslándì kó lọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé yẹn, aṣọ́lé kan tó ń jẹ́ Frederik Schram nìkan ni tirẹ̀ yàtọ̀.

Gylfi Sigurðsson wà níbẹ̀, òun ló pàdánù pẹnáritì lọ́jọ́ náà. Ragnar Sigurðsson ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Björn Bergmann Sigurðarson náà wà nínú ikọ̀, agbábọ́ọ̀lù iwájú ni. Àwọn mẹ́ta yìí kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kì í sì í ṣe ọmọ bàbá. Kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀ ju pé Sigurður ni bàbá kálukú wọn ń jẹ́.

Ibi tí orúkọ Íslándì ti máa ń rú àlejò lójú nìyẹn. Bí a bá rí orúkọ tó wọ́pọ̀, a ó rò pé agbo ilé ńlá kan ni. Bí a bá rí èyí tó ṣọ̀wọ́n, irú bíi Sturluson, a ó máa béèrè ìlú tí ìdílé náà ti ṣẹ̀ wá àti iye wọn tó kù láyé. Ìbéèrè méjèèjì ló ṣìnà. Orúkọ yìí kì í ṣe ti ìdílé. Ti bàbá kan àti àwọn ọmọ tó bí ni, ibẹ̀ ló sì parí sí.

Bí orúkọ náà ṣe ń dé

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkùnrin kan ń jẹ́ Jón Einarsson, tí ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Sigríður Guðmundsdóttir. Bí wọ́n bá bí ọmọkùnrin, tí wọ́n sọ ọ́ ní Ólafur, Ólafur Jónsson ni yóò máa jẹ́, ìyẹn Ólafur ọmọkùnrin Jón. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Anna yóò máa jẹ́ Anna Jónsdóttir, ọmọbìnrin Jón. Ẹni mẹ́rin ló wà nínú ilé náà, orúkọ ìkẹyìn wọn sì jẹ́ mẹ́rin. Ìyàwó kì í gba orúkọ ọkọ, nítorí Einar kọ́ ló bí i. Nígbà tí Ólafur náà bá sì bímọ, Jón á kúrò níbẹ̀, ọmọ á di Ólafsson tàbí Ólafsdóttir.

Kí wọ́n tó so “son” tàbí “dóttir” mọ́ orúkọ bàbá, gírámà èdè wọn á kọ́kọ́ yí ìparí orúkọ náà padà láti fi hàn pé òun ló ni ọmọ. Jón á di Jóns, Snorri á di Snorra. Sigurður lè di Sigurðs, ó sì lè di Sigurðar, ìdí nìyẹn tí Sigurðsson àti Sigurðarson fi wà nínú ikọ̀ kan náà. Sturla jẹ́ orúkọ ọkùnrin tó parí sí “a”, irú èyí tí kò pọ̀ láàárín orúkọ àwọn ọkùnrin wọn. Òun ló máa ń di Sturlu, tí ọmọ rẹ̀ fi ń jẹ́ Sturluson.

Wọ́n lè fi orúkọ ìyá ṣe é pẹ̀lú. Heiðar Helguson, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Watford, Fulham àti Queens Park Rangers, ọmọ Helga ni, orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́. Dagur B. Eggertsson tó ti ṣe olórí ìlú Reykjavík ń jẹ́ ti ìyá àti ti bàbá pọ̀: lẹ́tà B àárín orúkọ rẹ̀ dúró fún Bergþóruson, ọmọ Bergþóra.

Ilé Sturla ní Hvammur

Ìtàn ilé kan ní ọ̀rúndún kejìlá àti ìkẹtàlá fi bí orúkọ yìí ṣe ń wọlé, tó ń jáde, hàn kedere. Sturla Þórðarson ni olórí ilé náà, ní Hvammur ní ìwọ̀ oòrùn Íslándì. Ọdún 1183 ló kú. Ìyàwó rẹ̀, Guðný Böðvarsdóttir, bí ọmọkùnrin mẹ́ta fún un: Þórður, Sighvatur àti Snorri. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ́ Sturluson. Snorri, tí wọ́n bí ní 1179, ló lókìkí jù nínú wọn. Òun ni wọ́n gbà pé ó kọ Edda, ìwé tó pa ìtàn àwọn òrìṣà ìgbàanì àríwá Yúróòpù mọ́, àti Heimskringla, ìtàn àwọn ọba Nọ́rwèy. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wà ní ipò ẹni tó ń ka òfin ilẹ̀ wọn ní ìpàdé àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Alþingi.

Bí orúkọ Snorri Sturluson ṣe kàn tó, kò dé orí àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń jẹ́ Órækja Snorrason, ọmọbìnrin rẹ̀ ń jẹ́ Ingibjörg Snorradóttir. Àwọn ọmọ Þórður di Þórðarson, àwọn ọmọ Sighvatur di Sighvatsson. Nínú ìran kan péré, Sturluson ti tán nínú ilé tó gbé e jáde.

Ohun tó dá a padà ni ìfẹ́ bàbá àgbà. Sighvatur sọ ọmọ rẹ̀ kan ní Sturla, Þórður náà sọ ọmọ tirẹ̀ kan ní Sturla. Ọmọ Þórður yìí wá ń jẹ́ Sturla Þórðarson, orúkọ kan náà gan-an tí bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ dé ojú ikú. Wọ́n bí i ní 1214, ó kú ní 1284, òpìtàn sì ni: òun ló kọ Íslendinga saga, ìtàn ogun àti ọ̀tẹ̀ tó fọ́ ilẹ̀ wọn títí wọ́n fi bọ́ sábẹ́ ọba Nọ́rwèy ní 1262.

Nígbà tí àwọn Sturla kékeré yìí bímọ, orúkọ tó ti pòórá tún yọjú. Ingibjörg Sturludóttir jẹ́ ọmọ Sturla òpìtàn. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n fi í fún ọkọ ní Flugumýri, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1253. Hallur Gissurarson ni ọkọ náà, ọmọ Gissur Þorvaldsson, ẹni tó kó àwọn ọmọ ogun lọ pa Snorri nínú ilé rẹ̀ ní Reykholt ní 1241. Wọ́n fẹ́ fi ìgbéyàwó yẹn parí ìjà ilé méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá wá lóru, wọ́n dáná sun ilé tí ìgbéyàwó náà ti wáyé. Hallur kú, Ingibjörg yè. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa wọn tẹ́lẹ̀, bó bá ti gbọ́ pé Gissurarson fẹ́ Sturludóttir, ó ti mọ ọmọ ẹni tó fẹ́ ọmọ ẹni.

Ohun tó ń mú kí orúkọ ṣọ̀wọ́n

Ní ìlú tí orúkọ ìdílé bá wà, orúkọ lè ṣọ̀wọ́n nítorí pé ọmọkùnrin wọ́n nínú ìdílé náà, tàbí nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wá sí ìlú. Ní Íslándì, ohun kan ló ń pinnu rẹ̀: bàbá mélòó ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, ọmọ mélòó ni wọ́n sì bí. Jónsson, Sigurðsson àti Guðmundsson wọ́pọ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ìran ló ti ń sọ ọmọkùnrin ní Jón, Sigurður àti Guðmundur. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo olùgbé erékùṣù náà ní 1703, ènìyàn 50,358 ni wọ́n bá níbẹ̀. Jón ló ṣíwájú nínú orúkọ ọkùnrin, Guðrún nínú ti obìnrin.

Sturla kò fìgbà kan wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà Sturluson náà kò lè wọ́pọ̀. Hallfreður ṣọ̀wọ́n, nítorí náà Emil Hallfreðsson, tó wà nínú ikọ̀ ọdún 2018, kì í sábà pàdé ẹlòmíràn tí orúkọ wọn jọ rí bákan náà. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè lọ fún ìran púpọ̀, kó sì padà lọ́la, bí tọkọtaya kan bá fẹ́ràn orúkọ àtijọ́ náà, tí wọ́n fi sọ ọmọ, tí ọmọ náà dàgbà, tó di bàbá. Kò pọn dandan kí òun àti ẹni tó jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ bára tan rárá.

Orúkọ tún lè ya àwọn tí wọ́n jọ fẹnu kan ọmú kan náà. Björn Bergmann Sigurðarson ní àwọn ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, Þórður, Bjarni àti Jóhannes Karl, tí àwọn náà gbá bọ́ọ̀lù fún Íslándì. Guðjónsson ni gbogbo wọn ń jẹ́, torí pé Guðjón Þórðarson, tó ti ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ orílẹ̀-èdè wọn, ni bàbá tiwọn. Ọmọ ìyá kan náà ń jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀, nígbà tí àjèjì méjì ń jẹ́ ọ̀kan.

Àwọn tó ti jẹ́ kó dúró lójú kan

Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àríwá Yúróòpù ṣe ń sọ orúkọ nígbà kan. Ìjọba ló yí i padà. Dẹ́nmárkì pa á láṣẹ ní 1828 pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ kan tí kò ní yí padà mọ́, Swídìn tẹ̀ lé e ní 1901, Nọ́rwèy ní 1923. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ará Dẹ́nmárkì fi ń jẹ́ Jensen tàbí Hansen, láìsí Jens tàbí Hans kankan nínú àwọn bàbá tí wọ́n bá láyé. Nǹkan tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá nígbà tí ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sílẹ̀: orúkọ tí bàbá kan gbà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tirẹ̀ di orúkọ tí ọmọ, ọmọ ọmọ àti ìyàwó ilé ń jẹ́ títí di òní.

Àwọn ará Íslándì tó ṣí lọ sí Kánádà náà kò lè bọ́ níbẹ̀. Láti 1875 ni wọ́n ti ń tẹ̀dó sí agbègbè Gimli, ní Manitoba. Lọ́hùn-ún, orúkọ wọn dúró lójú kan bíi ti àwọn ará ìlú tí wọ́n bá níbẹ̀, títí tí obìnrin fi ń jẹ́ orúkọ tó parí sí “son”. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá orúkọ Íslándì tó ṣọ̀wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti rí i. Ní Reykjavík, bàbá ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ní Manitoba, ó lè jẹ́ bàbá bàbá àgbà.

Òfin dúró tì í

Íslándì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé àwọn aládùúgbò rẹ̀. Òfin ọdún 1913 gba àwọn ènìyàn láàyè láti mú orúkọ ìdílé. Ọdún 12 lẹ́yìn náà, ní 1925, wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn pa: àwọn tó ti ní i lè máa jẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó tún gbọ́dọ̀ mú tuntun. Thoroddsen, Briem, Blöndal àti Guðjohnsen wà lára àwọn tó ṣẹ́ kù. Eiður Guðjohnsen tí a mọ̀ ní Chelsea àti Barcelona ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀, Arnór Guðjohnsen. Ní Íslándì, ìyẹn gan-an ni ohun àjèjì.

Láti 1991 ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan, Mannanafnanefnd, ti ń yẹ orúkọ tuntun wò kí wọ́n tó fi sọ ọmọ. Ara ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá orúkọ náà lè gba ìparí tí gírámà fi ń sọ pé “ti ẹni yìí ni”. Àwọn kan ń bínú pé kò yẹ kí ìjọba dá sí orúkọ tí òbí fẹ́ sọ ọmọ, ìbínú wọn sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ bí Sturla ṣe ń di Sturlu yóò rí ohun tí òfin náà ń ṣọ́: orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ lónìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ́ lọ́la. Ní 2019, òfin tún la ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ bí ọkùnrin tàbí obìnrin lè fi “bur” rọ́pò “son” àti “dóttir”.

Ibi tí ìdílé wà

Bí orúkọ kò bá so ìran pọ̀, kí ló ń so ó? Àkọsílẹ̀ ni. Orílẹ̀-èdè tí kò tó 400,000 ènìyàn yìí ní àkọsílẹ̀ ìran tó padà sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 870. Ní 2003, ilé iṣẹ́ deCODE genetics àti Friðrik Skúlason, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé Íslendingabók sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọmọ Íslándì ti lè wo ìran rẹ̀ sẹ́yìn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kó sì rí ibi tí òun àti ẹlòmíràn ti pàdé. Ní báńkì àti ọ́fíìsì ìjọba, nọ́mbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní kennitala ni wọ́n fi ń ya Jón Jónsson kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Orúkọ tí wọ́n sọni ni wọ́n fi ń to ìwé nọ́mbà tẹlifóònù tẹ́lẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń pe ààrẹ.

Mo gbà pé ètò yìí tọ́ sí ọ̀wọ̀, pàápàá nítorí ohun tó ṣe fún obìnrin. Vigdís Finnbogadóttir, obìnrin àkọ́kọ́ láyé tí ará ìlú dìbò yàn sípò ààrẹ, ṣèjọba láti 1980 sí 1996 pẹ̀lú orúkọ tó jẹ́ láti kékeré. Kò sí ìgbéyàwó tàbí ìkọ̀sílẹ̀ tó lè sọ ọ́ di ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye Sturluson tó wà láyé, kó lọ ka àwọn bàbá tó ń jẹ́ Sturla. Ọmọ Íslándì tó bá sì fẹ́ kí orúkọ yẹn má parun, ogún kò lè bá a ṣe é, owó kò lè bá a ṣe é. Àfi kó sọ ọmọ rẹ̀ ní Sturla, kó sì máa retí ọmọ ọmọ.