AAGO Ò MOJÚ ẸNÌ KANKAN: Bí Simone Manuel ṣe lúwẹ̀ẹ́ wọ yunifásítì, àti ìdí tí ọ̀nà fi ń há mọ́ àwọn ọmọ girama tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Ọmọ Yorùbá wo ló máa sọ fún ìyá ẹ̀ pé òun fẹ́ máa lúwẹ̀ẹ́ tí ìyá ò ní fèsì pé òmùwẹ̀ ló ń kú sómi? Bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, àgàgà ní agbègbè Houston táwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ náà ti gba ibòmíràn yọ. Òbí tí kò jẹ́ fẹsẹ̀ kan omi nígbà tó wà ní Mushin lè máa dájí gbé ọmọ ẹ̀ lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, torí ó ti gbọ́ pé ọmọ tó bá yára nínú omi, yunifásítì á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn tú wò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni tí omi gbé débi tó ga.

Sugar Land ni wọ́n ń pe ìlú náà, kò jìnnà sí Houston rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Simone Manuel ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 1996. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méjì ló ní, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n làwọn yẹn gbájú mọ́. Òun ní tiẹ̀, láti bí ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti wà nínú omi. Nígbà tó wá dàgbà díẹ̀, ojú ẹ̀ là sí nǹkan kan: tó bá wo ọ̀tún, tó wo òsì, ọmọ aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀ ò sí níbẹ̀, àfi bóyá ẹyọ kan. Ló bá délé, ó bi ìyá ẹ̀, Sharron, pé kí ló fà á. Ìyá ò parọ́ fún un, kò sì ní kó máa lọ jẹun. Ìdí kọ̀ǹpútà ló mú un lọ, àwọn méjèèjì jọ wá ìdáhùn.

Ìdáhùn ọ̀hún kì í ṣe nǹkan tó dùn-ún gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi gba aláwọ̀ dúdú láyè nínú omi ìwẹ̀ ìjọba, kó tó di ti òtẹ́ẹ̀lì aládàáni. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1964, ní St. Augustine tó wà ní ìpínlẹ̀ Florida, àwọn dúdú àti funfun tó ń jà fún ẹ̀tọ́ jọ bẹ́ sínú omi òtẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ Monson Motor Lodge. Kí ni ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ṣe? Ásíìdì ló gbé, ló bá ń dà á sínú omi nígbà táwọn èèyàn ṣì wà nínú ẹ̀! Fọ́tò ẹ̀ wà nílẹ̀ títí dòní. Òbí tí wọn ò jẹ́ kó wọnú omi, báwo ló ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ? Ìwádìí tí àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2017 sọ pé nínú ọmọ aláwọ̀ dúdú 100, 64 ni kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá tàbí tó kàn mọ̀ ọ́n díẹ̀.

Simone ò torí ìyẹn jáde nínú omi. Ohun kan sì dára nínú ìlúwẹ̀ẹ́: aago ò mojú ẹnì kankan. Nínú bọ́ọ̀lù, kóòṣì lè sọ pé ìwà ọmọ yìí ò wu òun, kó fi í sórí bẹ́ǹṣì. Nínú omi, iye sẹ́kọ́ndì tó o bá fi dé òdìkejì ni wọ́n máa kọ sílẹ̀, kóòṣì yunifásítì tó wà ní California sì máa rí i láìtíì mọ̀ ẹ́ rí. Ọmọ girama ṣì ni Simone ní 2013, ọmọ ọdún 16 péré, tí wọ́n fi mú un lọ síbi ìdíje àgbáyé ní Barcelona. Ó wẹ̀ nínú ìdíje ẹlẹ́ni mẹ́rin láàárọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ parí ẹ̀ nírọ̀lẹ́, góòlù sì kàn án. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ta ló máa wá a tì? Stanford ló mú, ó sì wọlé síbẹ̀ ní 2014.

Ibẹ̀ ló ti bá Lia Neal, ọmọ New York, aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀. Ní oṣù kẹta, ọdún 2015, níbi ìdíje gbogbo yunifásítì tó wáyé ní Greensboro, wọ́n jáde fún 100 yáàdì. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan ògiri tán, Simone ló ṣe ipò kìíní, Lia Neal ṣe ipò kejì, Natalie Hinds, ọmọ Yunifásítì Florida, ṣe ipò kẹta. Dúdú, dúdú, dúdú! Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdíje náà. 46.09 sẹ́kọ́ndì ni Simone fi wẹ̀ ẹ́. (Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn wé ti Olympic, kó rọra o. Yáàdì ni yunifásítì Amẹ́ríkà ń lò, mítà ni gbogbo ayé yòókù ń lò, mítà sì gùn jù ú lọ.)

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti Rio. 52.70 sẹ́kọ́ndì nínú 100 mítà, òun àti Penny Oleksiak, ọmọ Canada, jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jọ gba góòlù. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà tó dá góòlù Olympic gbà nínú ìlúwẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, òfin ìgbà yẹn ò jẹ́ kí ẹni tó ń wẹ̀ fún yunifásítì gba owó ìpolówó. Ó padà sí kíláàsì, ó bá wọn gba ife yunifásítì ní 2017 àti 2018, kó tó wá tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú iléeṣẹ́ TYR. Láti 2021 ni wọ́n ti yí òfin yẹn padà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó ti dé nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ ni pé ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ yìí, díẹ̀ lára ẹ̀ ló jẹ́ odindi. Títí di 2025, gbogbo sikọ́láṣíìpù tí yunifásítì ńlá lè fún àwọn ọkùnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́ ò ju 9.9 lọ. Tàwọn obìnrin jẹ́ 14. Kóòṣì á wá gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni ń pín búrẹ́dì fún ọmọ tó pọ̀: ẹnì kan gba ìlàjì, ẹnì kan gba owó ìwé lásán, àwọn míì ò sì rí kọ́bọ̀, àpò bàbá wọn ni wọ́n fi ń wẹ̀. Àwọn ilé-ìwé tó wà ní ìsọ̀rí kẹta, tí wọ́n ń pè ní Division III, ò tiẹ̀ ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù eré ìdárayá rárá.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, ọdún 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn kan tó dá gbogbo ẹ̀ rú. Ilé-ìwé tó bá gba àdéhùn náà lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré ìdárayá ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Wọ́n sì mú gègé kúrò lórí sikọ́láṣíìpù. Inú èèyàn á fẹ́ dùn. Àmọ́ iye èèyàn ni wọ́n wá dín kù: ọkùnrin 30, obìnrin 30, ó parí. Nínú ẹgbẹ́ SEC, ọkùnrin 22 péré. Yunifásítì Texas, tó yẹ kó jẹ́ ilé fún ọmọ Sugar Land, ti wọ SEC láti 2024. Bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin ló ń mówó wọlé, òun náà ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù. Ẹ wá wo ọmọ girama tí kóòṣì ti ṣèlérí fún, tí wọ́n wá pè pé àyè ò sí mọ́. Irú wọn pọ̀ débi pé adájọ́ ò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé náà, ó ní kí wọ́n lọ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pàdánù àyè wọn. Wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló máa pinnu bóyá òun á gbà wọ́n padà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí lè yé jù ni Anthony Nesty. Suriname ló ti wá, ilé-ìwé girama Bolles ní Jacksonville ló ti tún ara ẹ̀ ṣe, ó sì wẹ̀ fún Yunifásítì Florida. Ní Olympic Seoul, 1988, 53.00 ló fi na Matt Biondi tó ṣe 53.01. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí kóòṣì àwọn ọkùnrin Florida ní 2018, òun náà ló kó àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà lọ sí Paris ní 2024, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Florida náà, SEC ni. Àyè 22.